Bàbá Endah àti Ṣúgà Alátọ̀gbẹ

Ọkọ mi Giyarto kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo ní láti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ìbínú ni mo fi ń sọ ìyókù. Kì í na ìyàwó, kì í ta tẹ́tẹ́, kì í sì í fi ìrun Jímọ̀ ṣeré. Olóríkunkun ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá ní kí ó yà sọ́tùn-ún, yóò dúró síbẹ̀ títí ọ̀tún yóò fi di òsì.

Ilé-iṣẹ́ ṣúgà tó wà lẹ́yìn abúlé wa, lápá ìlú Klaten, ni ó ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Ìdí ìkòkò ńlá tí wọ́n ti ń se omi ìrèké ni wọ́n fi í sí. Òun ni yóò bu díẹ̀ sórí awẹ́ gíláàsì, yóò gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, yóò wo bí hóró ṣúgà ṣe ń mú ara wọn, yóò sì sọ pé ó jinná tàbí kò tíì jinná. Wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ náà pa, ìpẹtà ti mú ẹ̀rọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n Giyarto kò tíì jáde níbẹ̀. Tíì tiwa gbọ́dọ̀ gbóná, ó gbọ́dọ̀ ki, ó gbọ́dọ̀ dùn. Tirẹ̀ tún ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Bí ṣúgà kò bá kù sí ìsàlẹ̀ ife, yóò ní n kò fi sí i.

Nígbà tí wọ́n sọ fún un nílé ìwòsàn pé ó ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀rín ló fi rín. Ó ní, "Èmi ọmọ ilé-iṣẹ́ ṣúgà, kí ni ẹ rò pé ẹ máa bá nínú ẹ̀jẹ̀ mi? Iyọ̀?"

Ọmọ wa Endah, tó ń ṣiṣẹ́ ní erékùṣù Batam, gbọ́, ó sì fi páálí ṣúgà alátọ̀gbẹ kan ránṣẹ́. Àpò kékeré-kékeré ló wà nínú rẹ̀, ìyẹ̀fun funfun wà nínú àpò, ó dùn rinrin, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìrèké ló ti wá. Giyarto gbé ọ̀kan síbi fèrèsé, ó gbọ̀n ọ́n wò, ó sì sọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó fọwọ́ kan ọ̀pọ̀lọ́.

"Ìyá Endah, kí ni eléyìí?"

"Ṣúgà ni."

"Ta ló sè é? Ìkòkò wo ló ti jinná? Kò ní hóró, kò ní òórùn. Kẹ́míkà ni! Ọmọ Parto kà á lórí fóònù pé jẹjẹrẹ ló ń fà."

Parto ni aládùúgbò wa, ọmọ rẹ̀ kò sì níṣẹ́ mìíràn ju fóònù lọ. Mo ní, "Ọmọ Parto yẹn náà ló kà á pé ayé máa parẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ yọjú síta, ẹ wò ó bóyá ayé ṣì wà níbẹ̀."

"Mi ò mu ún."

Kò sì mu ún. Sìgá tó ń fà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn kò lè fa jẹjẹrẹ, àpò ìyẹ̀fun kékeré ló ń bẹ̀rù! Ọ̀rọ̀ náà sú mi, mo gbé páálí jù sẹ́yìn ìkòkò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọparun ṣóńṣó kan gún un ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún, níbi tó ti ń tún ilé adìẹ ṣe. Kò mọ̀. Èmi ni mo rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, mo tọ̀ ọ́ lọ, mo bá ọkùnrin náà níbi tó jókòó sí tó ń kọrin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú tì í láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Egbò náà kọ̀, kò jiná, ó wá ń rùn.

Dókítà Prameswari, tí mo gbé e lọ bá, kì í fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Bàbá," ó ní, "bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín kò bá wálẹ̀, a máa gé àtàǹpàkò yìí. Bí kò bá wálẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹsẹ̀ ló kàn."

Ẹ̀rù bà á. Mo rí i lójú rẹ̀, inú mi sì dùn pé ẹ̀rù bà á, kí n má purọ́. Ó wá béèrè bóyá ṣúgà alátọ̀gbẹ kò ní í pa òun.

"Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún," ni dókítà wí. "Ìwọ̀nba tí ẹ máa fi sí tíì kò ní í ṣe yín ní nǹkan kan, kò sì ní í mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín gòkè. Àmọ́ ẹ gbọ́ mi dáadáa, Bàbá: kì í ṣe oògùn o. Ẹ máa lo oògùn yín. Ẹ dín ìrẹsì kù, ẹ dín nǹkan dídùn kù. Sìgá yẹn náà, ẹ sọ ọ́ nù."

Giyarto ní òun ti gbọ́. Ìdajì ló gbọ́, ìdajì tó wù ú.

Láti ọjọ́ tí a ti délé, ẹni tí kò fẹ́ fojú rí àpò kékeré kò fẹ́ rí nǹkan mìíràn mọ́. Ó ń fi sí tíì, mo ní Ọlọ́run ṣeun. Àfi ọjọ́ tí mo bá a níbi tó ti ń gbọn ọ́n sórí wajik, ìrẹsì alẹ̀mọ́ tí a fi ṣúgà ọ̀pẹ àti omi àgbọn sè.

"Bàbá Endah, kí lẹ ń dà sórí ìyẹn?"

"Oògùn."

"Oògùn wo?"

Ó na páálí sí mi lójú. "Ṣé o mọ̀wé? Kí ni wọ́n kọ síbí?"

"Fún alátọ̀gbẹ."

"Ó dáa. Èyí tí wọ́n kọ ẹ̀fọ́rí sí lára, kí ló ń wò?"

"Ẹ̀fọ́rí, ṣùgbọ́n..."

"Èyí tí wọ́n kọ ikọ́ sí ńkọ́?"

"Bàbá Endah, dókítà ní..."

"Ìyá Endah, ta ló mọ ṣúgà nínú èmi pẹ̀lú ẹ? Ṣúgà burúkú ló wà nínú wajik, ṣúgà rere ni mo dà lé e lórí. Wọ́n á jọ jà á níkùn."

Mo pariwo, mo gbé wajik pamọ́. Ó lọ jẹ ẹ́ nílé Parto, àpò kékeré lápò ṣòkòtò. Mo pe Endah pé kí ó bá a sọ̀rọ̀. Ó gba fóònù, ó ṣàdúrà fún ọmọ, ó ní òun ń lo ṣúgà tó fi ránṣẹ́, inú ọmọ bá ń dùn. Ọjọ́ tí mo sá ẹní rẹ̀ sóòrùn ni mo bá oògùn gidi lábẹ́ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Ó ní oògùn méjì á pọ̀ jù lára òun.

Olóríkunkun tó bá kọ nǹkan, mo mọ bí mo ṣe ń bá a jà. Èyí tó gba nǹkan lódìlódì, ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà sí i? Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ó gbà tọkàntọkàn pé òun ń gbọ́ràn. Bó bá mu tíì rẹ̀ tán, yóò wò mí bí ọmọ tó wẹ̀ láìsí ẹgba, pé kí n yin òun.

Wọ́n gé àtàǹpàkò náà nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Bí a ṣe darí sílé ni àwọn ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ènìyàn dáadáa ni wọ́n. Àwọn ló bá wa bọ́ adìẹ nígbà tí a wà ní ọsibítù. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ṣánwọ́ lọ kí aláìsàn. Tíì àti ṣúgà là ń gbé lọ, onílé á sì po tíì dídùn fún àlejò. Bí a ṣe bá a nìyẹn. Kò sì sí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn tó rò ó pé ṣúgà ni wọ́n ń gbé wá kí ẹni tí ṣúgà gé níka ẹsẹ̀.

Ọ̀rá ṣúgà kún orí tábìlì mi. Giyarto ń wò wọ́n láti orí ibùsùn, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ìyá Endah, po tíì gidi fún àwọn èèyàn wa. Bu tèmi náà, kí n fi bá wọn ṣeré."

"Tiyín kò ní ṣúgà."

"Áà, Warsini, ìwọ náà le jù," ni ìyàwó Parto wí. "Ẹni tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀! Kí ni ife kan fẹ́ ṣe fún un?"

"Ṣebí ó ní oògùn tó ń dà lé e," ni ẹlòmíràn sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, Giyarto náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni Kasinem, ìyàwó olórí abúlé, yọ lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rá ṣúgà lọ́wọ́ méjèèjì. N kò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Ẹ gbé e padà, Ìyáàfin Kasinem."

"Kí ni?"

"Ṣúgà yín. Ẹ gbé e padà sílé."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Warsini, ṣé orí ẹ pé?"

"Kò pé mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí i, ẹ wọlé, tíì tí kò dùn wà. Ẹ̀yin tó kù, ẹ wá mú tiyín."

Mo ń kó ọ̀rá lórí tábìlì, mo ń fi lé wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ká ní ìyá mi wà láyé, á gbá mi létí. Kasinem kò wọlé rárá. Ó ní, "Ó máa pẹ́ ká tó tún tẹ ilé yìí," ó sì yí padà. Àwọn yòókù wọ bàtà wọn, wọ́n tẹ̀lé e.

Ó ku èmi àti ọkọ mi.

"O lé wọn," ni Giyarto wí.

"Mo lé wọn."

"O dójú tì mí, Ìyá Endah. Ṣé o mọ nǹkan tí o ṣe? Ta ló máa wá gbé òkú mi báyìí?"

Mo jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì. Ó ti rẹ̀ mí.

"Ẹ má tíì kú ná," mo ní. "Bí ẹ ò bá kú, a ò ní í wá wọn."

Mo na oògùn sí i pẹ̀lú omi. Ó wò ó títí, ó gbé e mì, ó sì kọjú sí ògiri.