Ọjọ́ Tí Ojú Wa Bó Níwájú Àna

Mo rántí ìgbà tí ojú mi ń bó bí ẹ̀pà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sun, tó jẹ́ pé bí mo bá fi aṣọ nù ún, èèpo funfun á kún ara aṣọ náà. Mo ti tó lọ́kọ nígbà náà, mo ń ránṣọ ní Bẹẹrẹ, mo sì gbọ́n lójú ara mi ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá mi ti kú. Èmi, ìyá mi tó ń ta abọ́ ní Ọjà'ba, àti ìyá àgbà tó bí ìyá mi la jọ ń gbé ní Ọ̀rányàn. Mo ní àfẹ́sọ́nà kan ní Òkè-Àdó. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í rẹ́rìn-ín lásán, tí aṣọ wọn kì í rún láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ojú wọn jọ̀lọ̀ bí ẹyin. Tèmi kún fún irorẹ́ àti àpá irorẹ́, èyí sì ń já mi láyà, nítorí àwọn àna ń bọ̀ wá mọ̀ wá nílé.

Àbúrò ìyá mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù ló wálé fún ìsinmi, tó wo ojú mi, tó sì fún mi ní kíríìmù irorẹ́ kékeré kan. Ìbátan ohun tí àwọn ọmọ òde òní ń pè ní rẹ́tínọ́ọ̀lù ni, àmọ́ èyí tilẹ̀ tún le jù ú lọ. Wọ́n sì ṣàlàyé fún mi dáadáa.

“Bí hóró ẹ̀wà kan péré ni o máa fi kan gbogbo ojú,” ni wọ́n wí. “Alẹ́ nìkan o, nígbà tí ojú ẹ bá ti gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni kóo fi bẹ̀rẹ̀, tó bá ti mọ́ ẹ lára, kóo máa fi kún un. Má sì gbé ojú yẹn kiri nínú oòrùn. Ó máa tó oṣù mẹ́ta kóo tó rí iṣẹ́ ẹ̀.”

Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n níbi oṣù mẹ́ta ni etí mi ti kúrò níbẹ̀. Àwọn àna kò ní dúró de oṣù mẹ́ta.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi hóró ẹ̀wà díwọ̀n ìpara? Òrí là ń pa nílé wa láti kékeré, a sì ń pa á títí ara á fi dán, tí eṣinṣin ò ní lè dúró lé e. Mo rò ó pé bí hóró kan bá ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta, ẹ̀kúnwọ́ á parí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó tán. Mo ń pa á láàárọ̀, mo ń pa á lálẹ́, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Bẹẹrẹ nínú oòrùn, pẹ̀lú ìgbéraga obìnrin tó ń lo nǹkan ìlú òyìnbó. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ ló ń ṣe. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo tilẹ̀ máa ń fi gba àwọn ẹlòmíràn nímọ̀ràn.

Nílé wa, ohun ẹnì kan kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìyá àgbà gbọ́ pé kíríìmù náà ń ta mí, wọ́n ní ohun tó bá ń ta ènìyàn ló ń wo orúnkún sàn. Wọ́n fi pa orúnkún, ó ṣẹ́kù lọ́wọ́, wọ́n sì fi ìyókù nu ojú. Ìyá mi ní tiwọn kò tọrọ. Wọ́n kàn ń wọ yàrá mi lójoojúmọ́ láti wá abẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ránṣọ. Kí ọjọ́ àna tó pé, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń bó.

A fi àtíkè bò ó lọ́jọ́ náà, àtíkè tún wá jẹ́ kó hàn sí i. Àwọn àna dé pẹ̀lú àfẹ́sọ́nà mi, wọ́n gbé agbọ̀n èso sí àárín pálọ̀, wọ́n sì jókòó ti àwọn àgbà ìdílé bàbá mi. Bàbá àfẹ́sọ́nà mi, ẹni tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀, nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

“Ẹ wò ó! Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, ojú ẹ̀ ò yí padà. Ìtọ́jú ni! Ọmọ mi á tọ́jú ọmọ yín bẹ́ẹ̀.”

Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín, àfi ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un wọ̀. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo ti ìyá mi, wọ́n wá tẹjú mọ́ ìyá àgbà. Ilé tí gbogbo obìnrin inú rẹ̀ ń bó, ta ló fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́yàwó níbẹ̀? Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Bí a ṣe wọlé, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ọmọ mi, má purọ́ fún mi. Ṣé o lóyún?”

Kí n tó la ẹnu, ìyá àgbà ti já wọlé. Àṣé etí wọn ti wà lára kọ́tìnnì.

“Àgbẹdọ̀! Ẹ̀yin tíṣà, ṣé èébú lẹ gbé wá bá wa? Ọmọ wa ò lóyún o!”

Ohùn ìyá àgbà kò mọ ìyàtọ̀ láàárín yàrá àti pálọ̀. Àwọn àgbà ìdílé bàbá mi dìde. Omi tí àfẹ́sọ́nà mi ń mu pá a lórí, gbogbo ojú sì yí sí i, nítorí bí oyún bá wà, òun ló yẹ kó mọ̀ nípa rẹ̀. Èmi náà gbaná jẹ. Mo ní bó bá jẹ́ pé ikùn ni wọ́n ń yẹ̀ wò nílé wọn kí wọ́n tó kí ènìyàn, kí wọ́n máa padà sí Òkè-Àdó. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́, ọkàn mi ń sunkún, torí mo fẹ́ràn ọmọkùnrin náà gidigidi. Ẹnì kan tilẹ̀ ti gbé agbọ̀n èso dé ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ dákun, n ò bú u,” ni ọ̀gá ilé-ìwé wí. “Mo mọ kíríìmù tó bó o lójú. Aláboyún ò gbọdọ̀ lò ó, nítorí ọmọ inú. Ìdí tí mo fi bi í nìyẹn.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?” Ìyá àgbà fọwọ́ sí ìbàdí. “Ṣé wọ́n ń kọ́ ọ nílé-ìwé yín ni?”

Ọ̀gá ilé-ìwé wo ọ̀nà pálọ̀, níbi tí ọkọ wọn jókòó sí. Wọ́n lè ní dókítà ló sọ fún àwọn, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò ní gbà, agbọ̀n èso sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n mí kanlẹ̀.

“Èmi náà ń lò ó. Ó ti pẹ́.”

“Ìwọ kẹ̀?” Ohùn ọkọ wọn ló wá láti pálọ̀. “Ìwọ tóo sọ fún mi pé oògùn ojú tó ń dùn ẹ́ ni ìpara yẹn?”

Ìyá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, àwọn àgbà bá wọn rín in, bàbá oníìtọ́jú náà sì ń rín láìfẹ́. Wọ́n gbé agbọ̀n èso padà sí àárín ilé. Ìyá àgbà wá fà mọ́ ọ̀gá ilé-ìwé.

“Àna mi, èmi ńkọ́? Ṣé kí n máa lò ó lọ?”

“Bí ẹ ò bá ti lóyún, ìyá,” ni wọ́n dáhùn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín wọn nìyẹn.

Wọ́n ní kí n fi kíríìmù sílẹ̀ títí ojú mi á fi jinná, kí n máa fi òrí nìkan pa á. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hóró ẹ̀wà, lálẹ́, tí mo sì ń fi òrí lé e bó bá fẹ́ ta mí. Mo ń gbé agbòjò lọ sí Bẹẹrẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ ìta sì ń bi mí pé òjò dà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. A ti ṣègbéyàwó kí àpá náà tó parẹ́ tán, mo sì pa kíríìmù tì nígbà tí mo lóyún ní tòótọ́.

Ìyá ọkọ mi ti lọ. Títí wọ́n fi kú ni ọkọ wọn ń fi oògùn ojú náà ṣe wọ́n ní yẹ̀yẹ́, wọn kò sì fi bú mi rí. Ẹ̀rín lásán ni mo ka ọ̀rọ̀ náà sí tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà ti dàgbà báyìí, mo ń pa irun mi láró ní ìkọ̀kọ̀, ọkọ mi sì ń sọ fún gbogbo ayé pé ewú kì í tètè hù nídìílé ìyàwó òun. Bó bá ti sọ ọ́, mo máa ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọkùnrin wa fẹ́ mú ìyàwó wálé láìpẹ́. Mo ń bi ara mi bóyá, bó bá dójú ẹ̀, mo lè tú àṣírí ara mi níwájú àjèjì bí ìyá ọkọ mi ti ṣe, nítorí ọmọ ọlọ́mọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé mi jáde nílé wọn. Mo rò pé màá ṣe é. Ṣùgbọ́n mo ń gbàdúrà kó má kàn mí.