Ilé Okùn Tí Ìyàwó Mi Kọ́

Bí ẹ bá pàdé ìyàwó mi, téèpù ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Ó máa ń gbé e kọ́rùn bí ẹlòmíràn ṣe ń wọ ìlẹ̀kẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìgbà tó bá fẹ́ sùn. Ó gbé e kọ́rùn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tó fẹ́ bí àkọ́bí wa. Aránṣọ ni. Ìyá Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, èmi náà a sì máa pè é bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bá fẹ́ bá a ṣẹ̀fẹ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kó tó gbà láti fẹ́ mi, ó ti fojú wọ̀n mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ ní ìgbà mẹ́ta. Wọn a rẹ́rìn-ín. Wọn ò mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ.

Awakọ̀ ni èmi ní tèmi. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn ọmọ lọ sílé ìwé ni mò ń wà, aago ló sì ń darí ayé mi. Ohun tí a bá fẹ́ ṣe, ẹ jẹ́ ká ṣe é wéré ká kọjá síbòmíràn. Ẹ̀yin náà lè mọ bí ilé wa ṣe máa ń rí.

Ojú màmá mi ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Díẹ̀díẹ̀ ni ojú náà ń ṣú lọ, dókítà sì ti sọ fún wa láìfepo bọyọ̀ pé èyí tó ti lọ kò ní padà wá. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni màmá mi ń dá gbé, wọ́n sì ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Wọ́n kọ̀. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ mi sú wọn, wọ́n sọ ohun tó wà nínú wọn.

"Gbọ́, ọmọ mi. Mo lè gbà kí ẹ máa bu oúnjẹ fún mi. Mo lè gbà kí ẹ máa ka lẹ́tà fún mi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹnì kan bá fà mí lọ́wọ́ lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo ti di ọmọ ọwọ́ nìyẹn. Bí mo bá lè dá lọ, tí mo lè dá bọ̀ nínú ilé yín, mo máa wá. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi èmi àti àtẹ̀gùn mi sílẹ̀."

Bí a ṣe pinnu nìyẹn láti kọ́ yàrá kan àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀yìn ilé wa. Mo pe bíríkìlà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ dára, tí ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rín kì í sì í tán lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ní tó bá di ọjọ́ Ajé òun á gbẹ́ ìpìlẹ̀. Inú mi dùn. Òjò ti ń bọ̀, mo sì fẹ́ kí a ti bo ilé kó tó dé. Ìyàwó mi bá yọ téèpù kúrò lọ́rùn.

"Ẹ dúró ná," ó ní. "Ta ló ti wọ̀ ọ́ wò?"

Bíríkìlà wò mí, èmi náà wò ó.

"Mọ́mì, kí ni wọ́n fẹ́ wọ̀ wò?" ni bíríkìlà bi ìyàwó mi.

"Ilé náà ni."

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ìyàwó mi bá gé aṣọ tán, kì í kàn gbé e sórí ẹ̀rọ. Á kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ àti òwú gígùn há a pọ̀ gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, kí ẹni tó ni ín wá wọ̀ ọ́ wò. Ibi tó bá fún, á fa òwú yọ, á tún un há. Ẹ̀yìn ìgbà tí ara onítọ̀hún bá balẹ̀ nínú aṣọ náà ni ẹ̀rọ tó máa dún.

"Bí mo bá ṣi aṣọ rán, mo lè tú u," ó sọ fún wa. "Búlọ́ọ̀kù ńkọ́? Ṣé òun náà ṣeé tú?"

Lọ́jọ́ kejì ó ra okùn, ó gé èèkàn, ó sì ta ilé náà sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tí a máa kọ́ ọ sí gan-an, bó ṣe máa fẹ̀ tó àti bó ṣe máa gùn tó. Okùn ni ògiri. Búlọ́ọ̀kù méjì-méjì ni ẹnu ọ̀nà. Ẹní ni bẹ́ẹ̀dì, àga onígi kan sì dúró fún tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Bíríkìlà ti sọ fún wa pé àtẹ̀gùn kékeré kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu tọ́ílẹ́ẹ̀tì, torí ilẹ̀ ibẹ̀ máa ga kí páìpù lè da omi lọ sí kòtò ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó mi gbé pátákó nínípọn kan síbẹ̀, òun ni àtẹ̀gùn.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko la fi gbé inú okùn. Ìyàwó mi á fi gèlè di ojú, á gbé garawa omi, á máa rìn láti orí ẹní lọ sí ìdí àga. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní mo sáré lọ ká aṣọ, mo fẹsẹ̀ dá okùn kọjá.

"Háà! O gba inú ògiri kọjá!"

"Ìyá Téèpù, okùn ni."

"Padà, kí o gba ẹnu ọ̀nà."

Mo padà, mo gba ẹnu ọ̀nà. Bíríkìlà náà padà gba ẹnu ọ̀nà nígbà tí tirẹ̀ dé. Adìyẹ aládùúgbò wa nìkan ló ń gba inú ògiri kọjá bó ṣe wù ú. Aládùúgbò náà fúnra rẹ̀ yọjú láti orí ọgbà, ó fọgbọ́n bi mí léèrè bóyá ara ìyàwó mi le.

Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: a rí nǹkan níbẹ̀. A rí i pé bí ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì bá ń ṣí sínú, á máa gbá orúnkún ẹni tó jókòó, àti pé bí ẹnì kan bá ṣubú sẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa lè ti ilẹ̀kùn náà wọlé. Ìyàwó mi ní síta ni kó máa ṣí. Ó tún mú ọ̀kan nínú táìsì dídán tí mo ti lọ yàn fún ilẹ̀ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ó da omi ọṣẹ lé e, ó bọ́ bàtà, ó sì gun orí rẹ̀. Ọrùn mi ló dì mú tí kò fi fìdí janlẹ̀. Mo dá táìsì náà padà lọ́jọ́ yẹn, mo gba èyí tí ojú rẹ̀ rí háráhárá.

Ní ọjọ́ kẹrin mo lọ gbé màmá mi wá. Ìyàwó mi mú wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní, ó fi ọwọ́ wọn kan okùn, ó ṣàlàyé ọ̀nà fún wọn, ó sì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Màmá mi ń ka ẹsẹ̀ wọn sókè bí wọ́n ti ń lọ. Ẹsẹ̀ méje, wọ́n yà. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, ẹsẹ̀ wọn bá kọ pátákó.

Wọ́n fẹ́ ṣubú síwájú. Mo fò, mo di ọwọ́ wọn mú.

Wọ́n já ọwọ́ náà gbà. Wọ́n fọwọ́ tọ okùn padà, wọ́n jókòó sórí ẹní. "Ẹ gbé mi padà sílé," ni wọ́n sọ. "Mo ti sọ fún yín."

Ìyàwó mi ni mo kọjú ìbínú sí. Mo ní ṣé ó ti rí ohun tó fi eré ọmọdé ṣe báyìí, mo ní kò ní fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kọ́lé fún mi. Bíríkìlà wà níbẹ̀. Ojú ń tì mí títí di òní tí mo bá rántí. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ níwájú màmá mi.

"Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ṣubú o. Ilé yẹn ló fún yín. Bí aṣọ bá fún oníbàárà mi, mi ò kì í lé oníbàárà lọ." Ó dìde, ó gbé pátákó náà, ó sì jù ú sórí ọgbà. "Ọ̀gá, mi ò fẹ́ àtẹ̀gùn níbí," ó sọ fún bíríkìlà.

"Mọ́mì, omi ò ní lọ."

"Mo mọ̀. Kí la máa wá ṣe?"

Bíríkìlà họ orí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí kò rẹ́rìn-ín. "Àfi ká gbé ilẹ̀ gbogbo yàrá ga, kó tẹ́jú pẹ̀lú ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Níbi tí wọ́n bá ti ń ti inú ilé wọ ibí, a ó jẹ́ kí ilẹ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kò ní sí àtẹ̀gùn." Ó wo okùn. "Nǹkan mìíràn tún wà, mà. Okùn yín ò sanra. Búlọ́ọ̀kù sanra, a ó sì tún fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Tí a bá kọ́ ọ bí ẹ ṣe ta á yìí, ẹsẹ̀ méje màmá máa di mẹ́fà."

Ìyàwó mi fọwọ́ bo ẹnu, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo máa ń fi àyè ojú rírán sílẹ̀ lára aṣọ gbogbo ayé! Mo gbàgbé tilé!"

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í tú èèkàn. Bíríkìlà fọwọ́ ara rẹ̀ to búlọ́ọ̀kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn kí sísanra ògiri lè hàn. Màmá mi ń tẹ́tí sí wọn. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, wọ́n fọwọ́ ti ilẹ̀, wọ́n dìde.

"Ẹ jẹ́ n tún un wọ̀ wò."

Méje. Mẹ́rin. Àga. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, ní ìgbà márùn-ún. Wọ́n ní, "Ẹ máa kọ́ ọ."

Láti ọjọ́ náà ni bíríkìlà àti ìyàwó mi ti mọ ọwọ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lu ògiri àtijọ́ láti ṣí ọ̀nà, ìyàwó mi sáré jáde láti sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi igi ti òkè rẹ̀ dúró. Ó bá igi níbẹ̀. "Mo ti há a, Mọ́mì," ni bíríkìlà sọ.

Èmi nìkan ló kù tí mi ò tíì kọ́gbọ́n. Màmá mi fẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lára ilẹ̀kùn tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Mo lọ sọ ọ́ sí káfíńtà létí pé kó má fi kọ́kọ́rọ́ kankan sí i, torí ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n lè ṣubú síbẹ̀ kí a má rí ilẹ̀kùn ṣí. Ìyàwó mi gbọ́. Ó bi mí pé, "Ta lo bi?" Ìbéèrè yìí nìkan. Ó wá irú kọ́kọ́rọ́ kan rí tí èèyàn ń tì láti inú, tí wọ́n sì lè fi owó ẹyọ yí láti ìta bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún màmá mi láìfi nǹkan kan pamọ́.

Màmá mi rò ó. "Ó dára. Ṣùgbọ́n ìwọ nìkan ni kó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i. Má kọ́ ọkọ rẹ, kò ní sùúrù."

Mo wà níbẹ̀ o.

Ọjọ́ tí wọ́n kó dé, gbogbo wa dúró sínú yàrá tuntun bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn. Màmá mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ mi ti ń na ara rẹ̀ síwájú kí n tó mọ̀, ìyàwó mi sì fa aṣọ mi láti ẹ̀yìn. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Méje, wọ́n yà. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Wọ́n dúró. Ibi tí pátákó ti kọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nìyí. Wọ́n na ẹsẹ̀ kan jáde, wọ́n fi ń wá ilẹ̀ kiri, síhìn-ín, sọ́hùn-ún. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín kékeré kan, fún ara wọn ni, kì í ṣe fún wa. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kẹrin, wọ́n fa ilẹ̀kùn, wọ́n wọlé, wọ́n pa á dé. A gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ dún.

Omijé ti bọ́ lójú mi. Bíríkìlà tó wá wo iṣẹ́ rẹ̀ ń wo òrùlé bíi pé ó ń jò. Ìyàwó mi di téèpù ọrùn rẹ̀ mú.

Ohùn màmá mi ti inú jáde, ó le bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé:

"Àwọn wo ló dúró sẹ́nu ọ̀nà mi? Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ n ráyè!"

Gbogbo wa sáré jáde. Ẹnu ọ̀nà la sì gbà.