Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Aláìsàn Mi

Ọdún tí mo di dókítà kékeré ní Niamey, mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín oorun àti ojú lílà mọ́. Mo lè dúró ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn, kí n máa kọ orúkọ oògùn, kí n sì máa rí ara mi nílé wa ní Koira Kano, tí ìyá mi ń bu ògì fún mi. Ọjọ́ kan wà tí mo gbé okùn tí a fi ń gbọ́ àyà lé ọkùnrin kan láyà títí, tí ẹ̀rù ń bà mí pé mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àṣé mi ò tíì fi í sétí. Ọkùnrin náà ló rán mi létí. Ẹnu ara mi ni mo ṣáà fi tọrọ iṣẹ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí eruku ọyẹ́ bo gbogbo fèrèsé, wọ́n gbé ààfáà tó kọ́ mi ní kéwú wá sí wọ́ọ̀dù wa. Ará Ìlọrin ni, bíi ti bàbá mi, mo sì jẹ ẹgba wọn dáadáa. Bí mo ṣe rí wọn, mo gbàgbé pé mo wọ kóòtù funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ilẹ̀ náà tutù, ó tù mí lára, oorun sì rọra gbé mi lọ. Nọ́ọ̀sì wa, tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Zarma, rò pé mo ti dákú nítorí iṣẹ́ àṣejù. Ó da omi sí mi lórí, ó ń kí mi pẹ̀lẹ́ lédè wọn: "Kala suuru, dókítà! Kala suuru!" Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Ààfáà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n di ikùn mú. Mo rò pé ẹ̀rín ló fà á.

Omi ṣì ń kán lára mi nígbà tí mo bi wọ́n pé, "Ààfáà, ibo ló ń dùn yín?"

"Alhamdulillah."

"Ikùn yín ńkọ́?"

"Alhamdulillah, ọmọ mi."

Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbà tó bá ti dúpẹ́, a kì í tún bi í wò. Mo kàn gbé ọwọ́ lé ikùn wọn fẹ́rẹ́ ni. Ta ni mí tí n ó máa tẹ ààfáà mi níkùn? Mo kọ ọ́ sínú ìwé lédè Faransé pé kò sí ìrora, mo sì lọ bá aláìsàn tó kàn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá wa wá yẹ̀ wọ́n wò. Ó tẹ ikùn náà lẹ́ẹ̀kan péré. Ó le bíi pákó tí wọ́n ń tà lọ́jà Katako. Ìfun ti lu láti àárọ̀. Bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń ti bẹ́ẹ̀dì náà lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, mo di irin rẹ̀ mú, mò ń sáré tẹ̀lé wọn.

"Ààfáà, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Wọ́n wò mí lójú. "Oorun ti pọ̀ jù lójú ẹ. Mo fẹ́ kí o ráyè sinmi díẹ̀ ni."

Ààfáà kò jí mọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé wọn kún fún àwa tí wọ́n kọ́. Inú ń bí mi sí ara mi. Mo lọ jókòó sílẹ̀ níwájú ìyàwó wọn, kí n lè jẹ́wọ́ pé mi ò tẹ ikùn wọn bó ṣe yẹ. Kí n tó la ẹnu, ìyá náà ti tẹ́ ọwọ́ àdúrà. Wọ́n ń dúpẹ́ pé ọmọ Ààfáà fúnra rẹ̀ ló tọ́jú Ààfáà. Wọ́n ṣàdúrà gígùn fún ọwọ́ mi méjèèjì.

Mo ń ṣe àmín.