Gbólóhùn Tó Kan Taís

Ìwé ló sọ Hatsue Kuribara di alágídí. Bàbá rẹ̀ ń ṣe tófù, wàrà ẹ̀wà sóyà, tà, ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di ọjà ni ọmọ náà máa ń kà nígbà tí oníbàárà bá ń pariwo. Ìyá rẹ̀ á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìwé la fẹ́ jẹ lálẹ́ ni?" Nígbà tó di tíṣà nílùú Oizumi, níbi tí àwọn àjèjì ti ń wá ṣiṣẹ́, ó kó ìtàn àwọn ọmọ Kòríà, ti ẹ̀yà Ainu tó kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà, ti Bràsíìlì kún ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀. Ó ní ọmọ tí kò rí irú ara rẹ̀ nínú ìwé á rò pé àlejò lòun láyé. Èmi ni mò ń kọ́ kíláàsì tó múlé ti tirẹ̀, mo sì mọ̀ ọ́n: kì í lè rí ọmọ tó ń jìyà kó má dá sí i.

Oṣù méje ni Taís Nakaoka, ọmọ Bràsíìlì, fi jókòó sí kíláàsì Hatsue láìsọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ wá bá wa.

"Ẹ̀yin tíṣà, tó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń jókòó bí ère, kó wá máa bá mi tọ́jú àbúrò ẹ̀ nílé. Màá wá lọ́jọ́ tí àwọn òbí ń wá wo kíláàsì. Tí mi ò bá gbọ́ ohùn ẹ̀, ó parí nìyẹn."

Ọmọ àjèjì ni, òfin ò fi dandan mú un wá sílé ìwé.

Hatsue bá fúnra rẹ̀ kọ ìtàn ọmọbìnrin Bràsíìlì kan àti ìyá ìyá rẹ̀. Àṣà wa ni pé ọmọ kọ̀ọ̀kan á dìde ka gbólóhùn kan, ẹni tó tẹ̀ lé e á gba èyí tó kàn. Ó ka orí ọmọ, ó ka gbólóhùn: ìkejìdínlógún ni ti Taís. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi kọ́ ọ ní ẹyọ kan yẹn. Ètè ọmọ ń mì, ohùn ò jáde.

Lọ́jọ́ náà, àwọn òbí tò sẹ́yìn, èmi náà dúró tì wọ́n. Bàbá Taís ò tiẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́. Wọ́n ti kàwé dé ìdajì kí n tó rí àga Ginji tó ṣófo. Ibà ló dè é mọ́lé, iwájú Taís ló sì ń jókòó. Gbólóhùn ti yẹ̀, ti Ginji ló máa kan Taís!

Hatsue náà rí i. Bí Taís ṣe dìde, Hatsue sáré ka ìkẹtàdínlógún, ti Ginji, fúnra rẹ̀. Mo ní nínú mi pé, orí ìyá yìí mà pé o.

"Ó yá, Taís mi, tìẹ ló kàn."

Bàbá rẹ̀ ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn.

"Tíṣà, ẹ ti ka tèmi."

"Rárá, ọmọ mi, tìẹ ni—"

"Ginji ò wá. Mo ti ka orí wa láàárọ̀, èyí tẹ́ ẹ kà yẹn ló kàn mí. Mo ti kọ́ ọ lásìkò oúnjẹ. Ẹ wá gbà á lẹ́nu mi!"

"Háà, Taís ń sọ̀rọ̀!" Moriya, tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ló kígbe.

"Panu ẹ mọ́, kò tíì kàn ẹ́!" Taís dá a lóhùn.

Ojú ti Hatsue débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tẹrí ba fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lójú gbogbo òbí. "Má bínú. Mi ò gbà pé o lè dá a kà."

Taís gbé ìwé sókè. "Ìyá àgbà sọ ìkòkò ẹ̀wà kalẹ̀, ó ní kò sẹ́ni tí ò ní jẹ níbẹ̀." Kò jókòó. Ó ṣíjú sí ìkejìdínlógún.

"Èmi ló kàn!" Moriya ti dìde.

"Jókòó ńbẹ̀," bàbá Taís pariwo láti ẹ̀yìn. "Jẹ́ kó kà á tán."