Omi Eérú Ìyá Mi

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí tí mo ru ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ láti Ìlá dé Iresi, mi ò sinmi lọ́nà.

Lánàá, ọmọ mi ń fi pẹtiróòlù fọ ṣéènì ọ̀kadà, òórùn rẹ̀ sì gbé mi padà sí ọ̀sán ọjọ́ kan. Ìyá mi ń se ọṣẹ dúdú. Bàbá mi gbé agolo pẹtiróòlù àti jíà ọkọ̀ rẹ̀ tí gírísì bò wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò.

“Bàbá Ṣadé, ẹ fẹ́ dáná sun wá ni? Ẹ gbé agolo yẹn jìnnà! Omi eérú mi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.”

“Ṣé jíà ti wá di aṣọ ni?”

Bàbá mi ń kùn, ó sì ń fi kànhìnkànhìn àti omi eérú náà fọ̀ ọ́. Gírísì ṣí, irin ń dán. Bàbá mi gbé agolo pẹtiróòlù rẹ̀ jìnnà.

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé pẹtiróòlù ló jó apá tí ìyá mi máa ń fi ìborùn bò.

Òótọ́ ni gbogbo èyí. Ẹ́ńjìnnì yẹn nìkan ni irọ́ tí mo pa: jíà ọjọ́ náà ni mo gbé, láti ìdí ààrò dé ìdí ọkọ̀, ó sì bọ́ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì.