Fìlà Pupa Arvid Kvale

Lọ́jọ́ tí Arvid Kvale fi máàkì mẹ́rin ṣíwájú Lyle Brekke, tó ku ọta mẹ́fà péré kí ìdíje parí, gbogbo wa tí a wà ní pápá ìyìnbọn ìlú Lake Sigrid ti gbà pé ife fàdákà ń lọ sílé Arvid. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wá a. Kò fẹ́ ohun mìíràn láyé ju kí wọ́n fín orúkọ rẹ̀ sára ife yẹn. Ó yin ti àkọ́kọ́, gbàù. Ó yin ìkejì, gbàù. Ó fa ìkẹta, ìbọn ìléwọ́ rẹ̀ sì ṣe "pọ́," bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìgò. Òjé ti há sáàárín ọ̀pá ìbọn. Ọta náà kò ní ẹ̀tù nínú rárá.

"Arvid," ni Lyle wí, "ṣé kí n bá ọ fẹnu fẹ́ ẹ jáde ni?"

Ká ní èèyàn lásán lọ̀rọ̀ yìí bá, à bá ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n Arvid ni, ẹni tó máa ń fi gbogbo ìgbà òtútù di ọta tirẹ̀ fúnra rẹ̀ ní yàrá abẹ́ ilé, tó sì máa ń sọ pé ẹni tó bá ń yin ọta ṣọ́ọ̀bù dà bí ẹni tó háyà aládùúgbò láti bá òun gbàdúrà. A bi í pé báwo ló ṣe jẹ́. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni." Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, Lyle sì gbé ife lọ.

Ọ̀rọ̀ ọta kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ Arvid. Odindi ọdún méjì ló fi rò ó bóyá olórí pẹrẹsẹ ni òun máa lò tàbí onímú ṣóńṣó. Olórí pẹrẹsẹ máa ń gé páálí tí à ń yìnbọn sí mọ́nránmọ́nrán, ihò rẹ̀ kì í ní àríyànjiyàn. Onímú ṣóńṣó ní tirẹ̀ máa ń tètè wọ ojú ihò mẹ́fà ìbọn nígbà tí ọwọ́ bá ń kánjú. Ọ̀rọ̀ náà sú Verna, ìyàwó rẹ̀.

"Èmi ò ronú tó báyìí kí n tó gbà láti fẹ́ ọ," ni Verna sọ.

"O ò ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́ nígbà yẹn ni," ni Arvid dá a lóhùn. "Ká ní o ní in, o kì bá tí fẹ́ mi."

Olórí pẹrẹsẹ ló padà mú. Ó ń yọ́ òjé, ó ń dà á sínú irin tó fi ń mọ ọta, ó sì ń wọn ọta kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n kékeré kan tí atẹ́gùn imú lè mì. Èyí tó bá fi bíńtín wúwo ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, inú iná ló ń padà sí. Nínú ọgọ́rùn-ún, bí ogójì bá yè, inú rẹ̀ á dùn dé alẹ́.

Ọta òjé kò sì ṣeé yìn bẹ́ẹ̀ láìfi ọ̀rá pa á lára, kí òjé má baà lẹ̀ mọ́ inú ìbọn. Arvid se ìda oyin pọ̀ mọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ lórí sítóòfù Verna, ó dà á sínú àwọn agolo kékeré tí Verna fi ń yan kéèkì, nígbà tó dì, ó tò ó sínú àwo, ó padà sísàlẹ̀. Pásítọ̀ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí wọn lọ́jọ́ náà. Verna ní kó jókòó, ó lọ bu kọfí. Kó tó dé, pásítọ̀ ti mú ọ̀kan nínú àwo, ó ti gé e jẹ. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í tu ohun tó jẹ nílé onílé. Ó rọra jẹ ẹ́ tán.

"Pásítọ̀, ṣé ó dùn lẹ́nu yín?" ni Verna bi í, ẹ̀rù ti ń bà á.

"Ó dára," ni pásítọ̀ wí. "Ó kàn yàtọ̀ díẹ̀."

Arvid gòkè wá, ó ka ohun tó wà nínú àwo, ó rí i pé ọ̀kan ti dín. Ó wo ètè pásítọ̀ tó ń dán. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Òjé ò lè lẹ̀ mọ́ yín nínú mọ́ láéláé."

Lẹ́yìn ọjọ́ "pọ́" yẹn ni fìlà pupa dé. Fìlà òwú lásán ni. Òfin rẹ̀ ni pé nígbà tí Arvid bá ń bu ẹ̀tù, yóò dé e, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi ṣí i. Lọ́jọ́ kan, páìpù bẹ́, omi ń ya wọ yàrá abẹ́ ilé. Verna sáré sọ̀ kalẹ̀, ó rí fìlà lórí, ó sì dúró sórí àtẹ̀gùn láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí Arvid ṣí fìlà, Verna pariwo: "Arvid! Omi ti kún ilé!"

"Mo mọ̀," ni Arvid wí. "Inú rẹ̀ náà ni mo wà."

Kò sí ọta rẹ̀ kankan tó tún ṣe "pọ́" mọ́. Ṣùgbọ́n ife kò wá. Ìgbà méje ló ṣe ipò kejì. Lóṣù Kẹta ọdún yìí, kí yìnyín tó yọ́ lórí adágún, ọkàn Arvid dáṣẹ́ sílẹ̀ lójú oorun. Ó fi àpótí igi kékeré kan sílẹ̀, ọgọ́ta ọta ló wà nínú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: "Ìdíje oṣù Kẹfà. Ó pé."

Àwa tí a ń di ọta ní èèwọ̀ kan: a kì í yin ọta tí ẹlòmíràn dì. Bàbá kì í yin ti ọmọ. Bí ẹni tó dì í bá kú, ṣe là ń tú u palẹ̀, tí à ń da ẹ̀tù rẹ̀ sídìí òdòdó. Lyle mú ẹ̀mú rẹ̀ dání, ó ní kí n bá òun lọ, a sì lọ bá Verna láti ṣe iṣẹ́ náà. Verna kò gbé àpótí wá. Ìwé tí Arvid ń kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí ló gbé wá.

"Ka ibí yìí, Lyle."

Lyle kà á sókè: "Ọta kẹtàdínlọ́gọ́ta, kò sí ẹ̀tù. Verna pè mí pé páì ti jinná. Mo gòkè lọ. Páì náà dára. Ẹ̀bi mi ni."

"Ọdún mọ́kàndínlógún," ni Verna wí. "Kò sọ fún mi rí. Lyle, má tú wọn. Fi ìbọn Arvid yìn wọ́n níbi ìdíje."

"Verna, mi ò yin ọta tí ọmọ ìyá mi dì rí! Ti Arvid ni n ó wá yìn, tó gbàgbé ẹ̀tù lójú gbogbo ayé?"

"Ó gbàgbé ẹyọ kan. Láti ìgbà yẹn ńkọ́?"

"Kò sí," ni Lyle wí.

"Tí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, jẹ́ kí n gbé òṣùwọ̀n wá kó o wọ̀n wọ́n."

"Kí n máa tún ohun tí Arvid ti wọ̀n wọ̀n?" ni Lyle bi í. "Ó máa jí!"

Nígbà tí oṣù Kẹfà dé, Lyle fi ìbọn tirẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbé ìbọn Arvid àti àpótí náà wá sí pápá. Nígbà tí a gbọ́ ọta ẹni tó fẹ́ yìn, gbogbo wa sún sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ méjì. Èmi náà sún, n kò ní purọ́. Ó yìn ín títí ó fi kan ẹ̀tàdínlọ́gọ́ta. Verna di apá mi mú. Lyle mí kanlẹ̀, ó fà á.

Gbàù.

Ọgọ́tọ̀ọ̀ta ló dún. Wọ́n ka máàkì: tíṣà obìnrin kan láti ìlú kejì fi ẹyọ kan borí. Lyle ṣe ipò kejì. Ó kọjú sí Verna, ojú ń tì í, àmọ́ Verna ti ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹlẹ́ẹ̀kejì! Ta ló máa wá sọ pé kì í ṣe Arvid ló yìn ín?"

Ó mú èmi àti Lyle lọ sílé rẹ̀. Ó dé fìlà pupa, ó ń wọn ìyẹ̀fun. Lyle fẹ́ sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tó gbé páì sínú iná tán, ó ṣí fìlà, ó jókòó, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé Arvid, sábẹ́ ìlà tó kọ kẹ́yìn, pé: "Ọgọ́ta. Gbogbo wọn ló dún." A sọ̀rọ̀ Arvid títí òórùn ápù inú páì fi gba ilé. Verna dìde, ó gbé páì jáde, ó sì kọjú sí àtẹ̀gùn tó lọ sísàlẹ̀.

"Arvid, páì ti jinná!"

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Lyle ló dìde, tó fa àga kan sí i sídìí tábìlì.

"Gé tiẹ̀ náà, Verna," ló sọ. "Mo ti bá a yìnbọn. N ó bá a jẹ ẹ́."

Verna gé mẹ́rin. Lyle jẹ méjì.