Aṣọ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbé Lọ

Aṣọ mọ́kànlá ni mo bà jẹ́ kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ṣàgámù nígbà náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Bí mo bá ti kúrò ní kíláàsì, ọ̀dọ̀ àwọn aláró ni mo máa ń lọ jókòó tì, tí n ó máa wo ọwọ́ wọn. Láfún ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ náà, wọn a sì fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i kó má baà tètè ṣí lára aṣọ. Bó bá ki jù, yóò sán nígbà tó bá gbẹ, aró á sì gba ojú sísán náà wọlé. Bó bá ṣàn jù, ìlà á fẹ̀. Ìyẹ́ àkùkọ ló dára jù fún ìlà tín-ín-rín. Ti abo máa ń rọ̀ jù. Mo lè sọ̀rọ̀ lórí ìyẹ́ adìyẹ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀.

Ìfẹ́ iṣẹ́ yìí ló mú mi dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara, nínú kíláàsì kan tí wọ́n yọ̀ǹda fún wa ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù níbẹ̀, ní gbogbo Sátidé. Àwọn márùn-ún ló ń wá. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù nínú wọn ni obìnrin kan tí àìsàn ti mú lẹ́sẹ̀ méjèèjì láti kékeré. Orí pákó tí wọ́n kan táyà kéékèèké mẹ́rin sí nísàlẹ̀ ló máa ń jókòó lé, tí á fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ kiri. Ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ obì ní Sábó ló ti ń ṣagbe láti ọjọ́ pípẹ́. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó sì mọ̀rọ̀ọ́ sọ jù mí lọ.

Obì ló yà sára aṣọ rẹ̀, kì í sì í ṣe bí àwa yòókù ṣe ń yà á. Gbàǹja tó là sí méjì ni, pẹ̀lú ihò tí kòkòrò lu sí i lára. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ihò sí i.

"Tíṣà, èyí tí wọ́n ń ṣà dà nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lèmi mọ̀. Èyí tó dáa, ẹ lọ bi àwọn tó ń tà á."

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí ó jókòó ní Sábó lọ́jọ́ kan, kí ó rí ẹnì kan tó ró aṣọ náà kọjá níwájú òun.

"N ò ní pè é o," ló wí. "Màá kàn máa wò ó títí yóò fi yà ní kọ́nà."

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a pàtẹ aṣọ wa ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Èmi ni mo ṣètò gbogbo rẹ̀. Mo fi okùn kọ́ àwọn aṣọ náà, mo kọ iye owó sára wọn. Kí àwọn èèyàn lè rí ọwọ́ tó ṣe iṣẹ́, mo ní kí àwọn márààrún jókòó lórí ẹní nítòsí ẹnu ọ̀nà, kálukú lábẹ́ aṣọ tirẹ̀. Mo wá gbé abọ́ tánńganran kọ̀ọ̀kan síwájú wọn, kí owó má baà dàrú mọ́ra. Orí mi wú nígbà tí mo wo gbogbo rẹ̀ tán.

Bàbá àgbẹ̀ kan láti Òde Rẹ́mọ ló kọ́kọ́ wọlé. Kò gbé ojú sókè wo aṣọ. Ó mú owó kọ́bọ̀ kan jáde, ó fi yí orí rẹ̀ po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sọ ọ́ sínú abọ́ obìnrin náà.

"Kí ibi ó máa lọ," ni bàbá wí.

"Àmín o, ẹ ò ní rí ibi," ni obìnrin náà dáhùn. Bó ti mọ́ ọn lára nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó gbé ojú sókè wo aṣọ rẹ̀.

Ohun tí bàbá ṣe ni àwọn tó tẹ̀ lé e ṣe: àwọn ìyá ìjọ, àwọn dírẹ́bà, àwọn tó ń ti ìrun ìrọ̀lẹ́ bọ̀. Sàráà ni wọ́n wá ṣe. Mo pariwo pé, "Ẹ jọ̀ọ́, aṣọ la ń tà o!"

"A ti gbọ́, Tíṣà. Ẹ kú iṣẹ́ àánú."

Ìyá kan tó ń ta obì ní Sábó ti sọ owó tirẹ̀ sínú abọ́ náà tán kó tó gbé ojú sókè.

"Ta ló ya gbàǹja yìí? Ẹ wò ó, kòkòrò ti lu ú!" Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi ni, mà."

"Ìwọ? Ìwọ ẹnu ọ̀nà wa?"

"Èmi náà ni. Ẹ mú un, ẹ ró o wò."

Ìyá náà ró o lé ìró ara rẹ̀. Ó yípo lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin náà na ọrùn wò ó. Ṣùgbọ́n ìyá dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

"Ó mà ṣe o. Mo ti fi owó ra orí àwọn ọmọ mi sínú abọ́ yẹn. Bí mo bá tún gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ lọ sílé, ṣé kì í ṣe ohun tí mo jù nù ni mo tún ń gbé wọlé yẹn?"

Mo sáré dá sí i: "Mà, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ wà lọ́tọ̀, kí ẹ san owó aṣọ lọ́tọ̀."

"Tíṣà, ṣé ẹ ó bá mi ṣàlàyé ìyẹn fún orí mi?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá náà ká aṣọ dáadáa, ó gbé e lé obìnrin náà lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé ẹyọ aṣọ kan lọ lọ́jọ́ náà.

Mo bẹ aláṣọ kan ní ọjà pé kó bá wa gbé wọn kọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ló kó wọn padà fún mi. Ó ní aṣọ sàráà ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n.

Nígbà tí obìnrin náà kò wá mọ́ ní Sátidé, mo lọ bá a ní Sábó. Mo ti ro gbogbo rẹ̀: a ó pàtẹ míì ní Ìkẹ́nnẹ́, a ó lo àga, a ó lo tábìlì, kò ní sí abọ́ rárá. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Níbí, mo mọ ohun tí wọ́n ń jù sí mi, àwọn náà mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, n ò mọ̀ bóyá alágbe ni mo jẹ́ tàbí ẹni tó ń tajà."

Dírẹ́bà kan ti dúró lẹ́yìn mi, ó ń fi owó kọ́bọ̀ yí orí po, ó ń retí.

"Ẹ yẹ̀ díẹ̀," obìnrin náà wí fún mi. "Ẹ dí i lọ́nà."

Mo yẹ̀.